Kámẹ́rà fótò fún fídíò ìdána: ìlà dúdú ń gbọ̀n lójú àwòrán, ó sì ń dá dúró lójijì

Ayàwòrán_Ẹ̀gbá (Abẹ́òkúta)

Ẹ̀yin àgbà iṣẹ́, ẹ kú ilé o. Fótò ni mo ń yà jẹun. Ṣùgbọ́n ayé ti yí: bí wọ́n bá pe èèyàn fún ìdána báyìí, fídíò ni wọ́n ń kọ́kọ́ bèèrè, fótò á wá tẹ̀ lé e bí ẹni pé ènì ni.

Kámẹ́rà ọwọ́ mi ni Canon tí wọ́n kọ Rebel T3i sí níwájú. Ẹ̀gbọ́n mi ló fi ránṣẹ́ láti Houston. Tó bá di ká ya fótò, mi ò rí àléébù lára rẹ̀. Sátidé tó kọjá ni mo gbé e lé tripod nínú gbọ̀ngàn kan, mo tan fídíò rẹ̀, auto ni gbogbo nǹkan wà. Ìgbà tí mo gbé e sórí kọ̀ǹpútà ni mo rí ohun tójú mi rí. Àwọn ìlà dúdú ń gbọ̀n rìrì lójú àwòrán látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Fídíò náà tún dá dúró fúnra rẹ̀ nígbà tí ọkọ ìyàwó àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń jó wọlé. Kí n tó tún un tẹ̀, wọ́n ti dọ̀bálẹ̀ tán, wọ́n ti dìde. Ti ohùn ló wá burú jù. Bí alága ìjókòó bá pariwo, ohùn rẹ̀ á fọ́. Bó bá dákẹ́ láti mí, ariwo fáànù òrùlé á gba gbogbo ẹ̀.

Iná fluorescent gígùn ni wọ́n tàn síbẹ̀. NEPA mú un lọ, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, NEPA tún dá a padà. Ṣé kámẹ́rà yìí ti ń kú lọ ni, àbí kí n tà á kí n fi owó ẹ̀ kún owó kámẹ́rà fídíò gidi?

Ọmọ_Ìdúmọ̀tà (Èkó)

Bọ̀dá, ẹ tà á. Kámẹ́rà fótò, fótò ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ wá camcorder tòkunbọ̀ tó mọ́. Ẹ máa rí zoom tí ẹ lè fi ìka kan fà, ẹ máa rí ihò XLR tí ẹ lè ki máìkì gidi sí, yóò sì máa yà lọ títí káàdì á fi kún. Kí lèèyàn ń fìyà jẹ ara ẹ̀ fún?

ÒpóMẹ́ta (Ìbàdàn)

Ẹ má tíì tà á. Kò sí nǹkan tó bàjẹ́ lára ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ti ìlà dúdú. Iná tiwa níbí ń lù ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú ìlù kọ̀ọ̀kan, fluorescent á tàn lẹ́ẹ̀mejì, á ṣú lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá. Ojú èèyàn ò lè bá a. Kámẹ́rà ń bá a. Kì í sì í ka gbogbo ojú àwòrán lẹ́ẹ̀kan náà: òkè ló ti ń bẹ̀rẹ̀, á máa ka ìlà kan tẹ̀ lé òmíràn títí dé ìsàlẹ̀. Ìlà tó bá bọ́ sí àsìkò tí iná ṣú, dúdú ló máa jáde.

Houston ni kámẹ́rà yín ti wá. Ìgbà 60 ni iná tiwọn ń lù, torí náà NTSC, ìlànà fídíò tiwọn, ló máa wà nínú menu rẹ̀, fíréèmù (àwòrán ẹyọ kọ̀ọ̀kan) 30 ló sì máa ń yà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ pín 100 sí 30, ẹ máa rí mẹ́ta àti ìdá kan nínú mẹ́ta. Kò pé. Fíréèmù kìíní bá iná níbì kan, èkejì bá a níbòmíràn, ẹ̀kẹta tún bá a níbòmíràn, ohun tó ń mú un gbọ̀n nìyẹn. Bí auto bá tún lọ mú shutter (ìwọ̀n àsìkò tí kámẹ́rà fi ń lajú fún fíréèmù kan) 1/60 ìṣẹ́jú àáyá, ìtànṣán kan àti àbọ̀ lé díẹ̀ ló ń kó sínú fíréèmù kan.

Ẹ ṣe báyìí. Ẹ yí bọ́tìnì róbótó tó wà lókè rẹ̀ sí ibi fídíò, ẹ wọ inú menu, ẹ wá Video system, ẹ sọ ọ́ di PAL, ìlànà fídíò tiwa. Ẹ ó rí 1920x1080 pẹ̀lú 25 níbi tí 30 wà tẹ́lẹ̀. Ẹ sọ Movie exposure di Manual, kí ẹ fi shutter sí 1/50. Ìtànṣán méjì gééré ló wà nínú 1/50, ọ̀kan gééré ló wà nínú 1/100. Ẹ má lo 1/60 tàbí 1/80 lábẹ́ iná wa rárá. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tó bá gbé kámẹ́rà PAL lọ ya ayẹyẹ ní Houston, tiẹ̀ náà á gbọ̀n.

(600D ni orúkọ tí wọ́n ń pè é níbí àti ní Yúróòpù. Kámẹ́rà kan náà ni.)

Ayàwòrán_Ẹ̀gbá

Ẹ ṣeun, sà. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ìlà ò sí nínú fótò tí mo yà nínú gbọ̀ngàn kan náà?

ÒpóMẹ́ta

Ṣé ẹ ò lo flash ni? Iná flash ló borí ti òrùlé.

Àjòjì_Peckham (Lọ́ńdọ̀nù)

Ẹ jẹ́ kí n gba ti ìdádúró yẹn mú. Ìlànà FAT32 (ọ̀nà tí káàdì fi ń to fáìlì) ni káàdì 32GB sísàlẹ̀ ń lò, FAT32 kì í sì gba fáìlì kan tó ju 4GB lọ. Kámẹ́rà yín ń jẹ nǹkan bíi 330MB ní ìṣẹ́jú kan ní 1080. Ẹ pín in, ìṣẹ́jú 12 ni. Láti 2012 ni àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀, bíi 5D Mark III, ti ń ṣí fáìlì tuntun fúnra wọn tí ọ̀kan bá kún, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú 29 àti ìṣẹ́jú àáyá 59 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń kú sí. Iye yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ rárá, kọ́sítọ́ọ̀mù ni. Ní European Union nígbà yẹn, kámẹ́rà tó bá lè ya 30 ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rọ fídíò ni wọ́n ń kà á sí, owó ibodè tó sì wà lórí ẹ̀rọ fídíò ò sí lórí ti fótò. Àwọn tó ń ṣe é bá fi ìṣẹ́jú àáyá kan dín in kù.

Ẹ má ra káàdì 64GB pé ó máa wo ìdádúró yìí sàn lórí 600D, kò ní í wò ó. Ẹ máa wo ètò ìdána ni. Ìdána wa ní àlàfo tó pọ̀: bí wọ́n bá ti ka lẹ́tà tán tí alága ìjókòó ń gbowó lọ́wọ́ àwọn ará ilé ọkọ, ẹ pa á, ẹ tún un tàn. Kí ọkọ tó wọlé, ẹ pa á, ẹ tún un tàn. Kí ìyàwó tó wọlé pẹ̀lú ìbòjú, bákan náà. Bí ẹ bá ti ń bẹ̀rẹ̀ fáìlì tuntun níbi tó tọ́, ìṣẹ́jú 12 á gbé gbogbo ìdọ̀bálẹ̀ àti àdúrà tó tẹ̀ lé e.

Ọmọ_Ìdúmọ̀tà

Ẹ wò ó, bẹ́ẹ̀ náà ni mo wí. Èèyàn ń ya fídíò, ó tún ń ka ìṣẹ́jú. Camcorder ò ní gbogbo eléyìí.

Bàbá_Rẹ́ẹ̀lì (Òṣogbo)

Ọmọ mi, rọra. Láti ayé VHS ni mo ti ń gbé kámẹ́rà lé èjìká, mi ò kórìíra camcorder. Ṣùgbọ́n bi ara rẹ léèrè ìdí tí ayé fi ya lọ sídìí kámẹ́rà fótò.

Oṣù kẹjọ ọdún 2008 ni Nikon gbé D90 jáde, òun ni DSLR (kámẹ́rà fótò tó ń pààrọ̀ lẹ́ńsì) àkọ́kọ́ tó ń ya fídíò: 720, fíréèmù 24, ìṣẹ́jú márùn-ún ló sì ń fi yà á tó fi ń dúró. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni Canon kéde 5D Mark II tiwọn, 1080, pẹ̀lú ojú tó tóbi tó fíìmù 35mm. Ojú ńlá yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀. Kámẹ́rà ọwọ́ tí ọ̀pọ̀ wa ń gbé nígbà yẹn, ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú rẹ̀ ò tó èékánná. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú díẹ̀, àwòrán á kún fún yẹ̀pẹ̀. Èyí tóbi, ó ń gba ìmọ́lẹ̀, o sì lè fi lẹ́ńsì 50mm tí kò wọ́n sí i kí ẹ̀yìn ẹni tó dúró fi parẹ́, bó ṣe rí nínú fíìmù. Ní 2010 ni wọ́n fi 5D Mark II ya ìpín tó kẹ́yìn nínú apá kẹfà House, eré orí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà. Àwọn wọ̀nyẹn lówó camcorder, àbí wọn ò lówó ẹ̀?

Àwa ará PAL tilẹ̀ jìyà díẹ̀. Fíréèmù 30 nìkan ni 5D Mark II ń yà nígbà tó jáde, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló sì ń yan shutter àti aperture (bí ihò lẹ́ńsì ṣe ṣí tó, òun ni à ń fi f/ kọ; bí nọ́ńbà bá ṣe pọ̀ tó ni ihò ṣe kéré tó). Ní 2009 ni wọ́n tún un ṣe kéèyàn lè fọwọ́ yàn án, ní 2010 ni 24 àti 25 tó dé. Iyẹn ni pé wàhálà tó bá ọ̀rẹ́ wa lábẹ́ fluorescent, gbogbo ẹni tó kọ́kọ́ ra kámẹ́rà yẹn ní Nàìjíríà àti ní Ìlú Ọba ló rí i.

Àbùkù rẹ̀ wà o. Kò ní í bá ẹ fa zoom, kò rọrùn lọ́wọ́, oòrùn sì ń yọ ọ́ lẹ́nu. Bí o bá jáde síta ní ọ̀sán gangan pẹ̀lú shutter 1/50 àti ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń fa ìmọ́lẹ̀ tó) 100, f/22 ni oòrùn á ní kó o lọ. Bí o bá fẹ́ f/4, ó di dandan kó o dín ìmọ́lẹ̀ sí ìdajì lẹ́ẹ̀márùn-ún, ND32 nìyẹn, gíláàsì dúdú tí wọ́n ń fi bo ojú lẹ́ńsì. Má gbé shutter lọ sí 1/1000 nítorí pé o ò ní ND. Ijó á máa já lójú, ọwọ́ onílù á máa fò láti ibì kan sí ibì kan.

Màmá_Sáúǹdì (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ẹ̀yin ọkùnrin, àwòrán nìkan lẹ̀ ń sọ látàárọ̀. Ẹni tó bá gba fídíò ìdána, wọ́n lè dárí ìlà dúdú jì í. Bí wọn ò bá gbọ́ àdúrà tí ìyá ìyàwó gbà, wọn ò ní í dárí jì í.

Ohun tó ń gbé ariwo fáànù sókè ni pé kámẹ́rà ló ń yan ìwọ̀n ohùn fúnra rẹ̀. Bí gbogbo ibi bá dákẹ́, á ṣí etí sí i títí tó fi máa gbọ́ fáànù; bí alága bá wá bú sí orin, etí yẹn ti ṣí jù, ohùn á fọ́. Nínú menu, ẹ wá Sound recording, ẹ sọ ọ́ di Manual. Ìwọ̀n 64 ló wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí alága kọrin fún yín kí ètò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wo ìlà tó ń jó lójú kámẹ́rà, kó máa kan -12 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kó má kọjá síbi 0.

Ṣùgbọ́n 600D ò ní ihò earphone. Ẹ ò lè gbọ́ ohun tó ń wọlé. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbẹ́kẹ̀ mi lé e. Ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ kékeré ni kí ẹ wá, fóònù tẹ́ ẹ ti ń lò tẹ́lẹ̀ gan-an lè ṣe é, pẹ̀lú máìkì tí wọ́n ń fi há ọrùn aṣọ. Ẹ fi sára alága ìjókòó. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ pàtẹ́wọ́ kan ṣoṣo níwájú kámẹ́rà kó ró sínú méjèèjì. Ibi tó ró sí lẹ máa fi so wọ́n pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá ti tún fáìlì kámẹ́rà tàn, ẹ tún pàtẹ́wọ́. DaVinci Resolve tó jẹ́ ọ̀fẹ́ náà lè fi ohùn so wọ́n fúnra rẹ̀.

Ẹ kíyè sí agbádá. Gínì tí wọ́n fi sítáàṣì lọ̀ máa ń ró gbẹ̀gẹ̀dẹ̀ lára máìkì ní gbogbo ìgbà tí bàbá bá ká apá rẹ̀ sí èjìká. Ọrùn bùbá ni kí ẹ há a mọ́, kí agbádá má kàn án. Bí DJ bá sì ní kẹ́ ẹ wá gba okùn lára mixer òun, ẹ má kì í tààrà sí ihò máìkì kámẹ́rà. Agbára tó ń ti mixer bọ̀ ju ohun tí ihò yẹn ń retí lọ, gbogbo rẹ̀ ló máa fọ́.

Ayàwòrán_Ẹ̀gbá

Ẹ ṣeun, mà. Bàbá, ẹ ṣeun, sà. Mo ti yí i sí PAL. Mo gbìyànjú ẹ̀ nílé lábẹ́ fluorescent pálọ̀: 25, 1/50. Ìlà ti lọ pátápátá!

Ṣùgbọ́n nǹkan méjì yọjú. Nígbà tí mo tan jẹnẹrétọ̀ kékeré wa, ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ kan tún padà wá, kì í gbọ̀n bíi ti tẹ́lẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló ń gòkè lọ. Èkejì, ìyàwó mi wọ léèsì, àwọn àwọ̀ òṣùmàrè kan ń sáré lára aṣọ náà, wọn ò sí lára rẹ̀ lójú lásán.

ÒpóMẹ́ta

Mo ń retí ti jẹnẹrétọ̀ yẹn. Ẹ́ńjìnnì irú jẹnẹrétọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ máa yí ìgbà 3000 ní ìṣẹ́jú kan kí iná rẹ̀ tó lù ní 50. Ta ló ń wọ̀n ọ́n? Mẹkáníìkì kàn ń fetí gbọ́ ọ ni. Bó bá gbé e sókè díẹ̀, iná di 51 tàbí 52. Bí ẹnì kan bá tan fíríìjì, ẹ́ńjìnnì á rẹ̀wẹ̀sì, iná á lọ sílẹ̀. 25 yín dúró sójú kan, iná ń sún kúrò lábẹ́ rẹ̀, ìdí tí ìlà fi ń rìn díẹ̀díẹ̀ nìyẹn. Shutter 1/50 náà ni kẹ́ ẹ fi sí, torí bí shutter bá ṣe gùn tó ni ìlà ṣe máa ń fẹ́ẹ́rẹ́ tó. Bẹ́ ẹ bá gbé e lọ sí 1/200 lẹ máa rí i bó ṣe máa hàn ketekete. Ohun tó sàn jù ni kẹ́ ẹ gbé LED tó ń lo bátìrì dání, èyí tó dáa, kẹ́ ẹ tàn án sójú àwọn tẹ́ ẹ ń yà. Òun ò mọ̀ bóyá NEPA wà tàbí kò sí. Àwọn LED ọ̀ṣọ́ tí oníṣẹ́ ọ̀ṣọ́ ń so mọ́ ẹ̀yìn ìjókòó ìyàwó ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún, pàápàá bí wọ́n bá dín ìmọ́lẹ̀ wọn kù. Ẹ ní kí wọ́n tàn án dé góńgó.

Ti léèsì: ojú kámẹ́rà yẹn fẹ̀ tó 5184, fídíò 1920 ló sì ń fẹ́. Kò ní agbára láti ka gbogbo rẹ̀, torí náà ó ń fo ìlà. Aṣọ tí ihò rẹ̀ wẹ́wẹ́ tó sì tò gẹ́gẹ́ máa ń bá ìfò yẹn forí gbárí. Léèsì ń ṣe é, aṣọ òkè tí ìlà rẹ̀ tín-ín-rín náà ń ṣe é. 600D ní oògùn kan tí 5D Mark II tó wọ́n jù ú lọ ò ní: nínú ìwọ̀n fídíò, ẹ wá Movie digital zoom, ẹ fi sí 3x. Àárín ojú kámẹ́rà nìkan ló máa kà, kò sì ní í fo ìlà mọ́. Òṣùmàrè á kúrò. Ẹ kàn máa sún sẹ́yìn gan-an, torí gbogbo nǹkan á sún mọ́ yín ní ìlọ́po mẹ́ta. Ẹ fi ya ìyàwó lórí ìjókòó, ẹ má fi ya gbọ̀ngàn. Ẹ má kọjá 3x o. Láti ibẹ̀ lọ, ṣe ló ń fa àwòrán gùn.

Ọmọ_Ìdúmọ̀tà

Mo ti gbọ́ ti iná, mo gbọ́ ti ojú ńlá. Ó dáa. Focus ńkọ́? 600D ò lè tẹ̀ lé èèyàn tó ń rìn nínú fídíò. Ìyàwó á máa jó bọ̀, ojú rẹ̀ á máa ṣú.

Bàbá_Rẹ́ẹ̀lì

Òótọ́ lo sọ níbẹ̀ yẹn. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé ọgbọ́n focus tí wọ́n ń pè ní Dual Pixel sórí 70D, ní 2013, ni Canon ti ń tẹ̀ lé ojú èèyàn dáadáa nínú fídíò. Èyí ò ní i.

Ẹni tó ní 600D, ọwọ́ ló máa fi ṣe é, f/1.8 ni kò sì gbọ́dọ̀ lò fún ẹni tó ń jó. Bí o bá fi 50mm dúró ní mítà méjì sí èèyàn, ibi tó mọ́ kedere ní f/1.8 ò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 11 lọ. Bó bá tẹ orí síwájú báyìí, ojú ti ṣú. Ní f/5.6, ó ti ju 30 lọ. Fi lẹ́ńsì 18-55 sí 18, f/5.6, jẹ́ kí ISO lọ dé 1600, gbé focus sí ibi tí wọ́n tẹ́ ẹní sí, tẹ bọ́tìnì tó ń fa àwòrán tóbi ní ìlọ́po 10 láti fi wò ó, kó o tó tan fídíò. Kí ìyàwó jó wá bá ọ níbẹ̀. F/1.8 yẹn, fi í pamọ́ di ìgbà tó bá jókòó.

Àjòjì_Peckham

Ẹ jọ̀ọ́, kí ọ̀rọ̀ yìí tó tutù: ẹni tí ẹ ń yà dúdú, léèsì funfun ló wọ̀, auto á máa wo funfun. Ojú rẹ̀ lẹ máa fi wọn ìmọ́lẹ̀. Ẹ sún mọ́ ọn kó kún ojú kámẹ́rà, ẹ yan ISO tí ojú rẹ̀ á fi mọ́, ẹ tì í síbẹ̀, kẹ́ ẹ tó padà sẹ́yìn. Bí ihò léèsì bá ti parẹ́ tó di funfun báláú, ẹ dín in kù díẹ̀. Fídíò kámẹ́rà yìí ò dà bíi RAW fótò (fáìlì fótò tí kámẹ́rà ò tíì tún ṣe) tẹ́ ẹ lè fà padà; funfun tó ti jó, ó ti jó nìyẹn. Picture Style, ẹ fi sí Neutral, ẹ dín contrast àti sharpness rẹ̀ kù.

Ayàwòrán_Ẹ̀gbá

Ìbéèrè kan ló kù, ẹ má bínú. Wọ́n ti pè mí fún òmíràn ní ìparí oṣù, fótò pẹ̀lú fídíò. Mo rí i pé bí mo bá tẹ bọ́tìnì fótò nígbà tí fídíò ń lọ, ó ń ya fótò. Ṣé mo lè máa fi kámẹ́rà kan náà ṣe méjèèjì?

ÒpóMẹ́ta

Ẹ má dán an wò. Á ya fótò lóòótọ́, ṣùgbọ́n fídíò á dúró gbagidi fún bí ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ìyàwó ń mú fìlà dé ọkọ rẹ̀ lórí, ẹ ti gé e kúrò nínú fídíò nìyẹn.

Bàbá_Rẹ́ẹ̀lì

Ibí yìí ni mo máa ta kú sí. Láàárín gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ látòní, kò sí èyí tí kámẹ́rà ò lè ṣe, ẹnì kan ṣoṣo ni kò lè ṣe é. Ayàwòrán fótò ń rìn kiri, ó ń dìde, ó ń kúnlẹ̀, ó ń tan flash. Flash yẹn gan-an ọ̀tá fídíò ni: ìlà-ìlà ni kámẹ́rà fi ń kà, ó máa bá a láàárín, ìdajì fíréèmù á funfun, ìdajì á dúdú. Ẹni tó ń ya fídíò gbọ́dọ̀ dúró sójú kan, kó máa gbọ́ alága, kó mọ ohun tó kàn. Sọ fún oníbàárà pé èèyàn méjì ló ń bọ̀, kó o sì gba owó èèyàn méjì. Bí wọ́n bá ní àwọn ò lè san án, mú ọ̀kan nínú iṣẹ́ méjèèjì.

Ọmọ_Ìdúmọ̀tà

Bàbá, ibí yìí ni mo ti bá yín pa ẹnu pọ̀. Àní camcorder gan-an, èmi àti àbúrò mi ni a jọ ń lọ.

Ayàwòrán_Ẹ̀gbá

Ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi kan wà tí mo lè fi sídìí tripod. Màá kọ́ ọ ní pípa àti títàn, àti àtẹ́wọ́ Màmá. Ohun tí mi ò ní ni máìkì ọrùn aṣọ.

Màmá_Sáúǹdì

Kẹ́ ẹ tó ra máìkì, ẹ wo orí rẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣe fún fóònù ní òrùka dúdú mẹ́ta, ti kámẹ́rà ní méjì. Bẹ́ ẹ bá fi ti fóònù sí kámẹ́rà láìsí okùn ìyípadà, ẹ lè má gbọ́ nǹkan kan. Ẹ ra èyí tí okùn rẹ̀ gùn dáadáa kó lè dé àpò ṣòkòtò, torí alága ìjókòó yín kì í jókòó.